Ford F-150 Lightning ti ọdún 2022: èwo ni kí ẹ mú nínú mẹ́rin?

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo iná mànàmáná ni. Pro, XLT, Lariat àti Platinum ni ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìjókòó aláwọ. Bátìrì kékeré, 98 kWh (ìwọ̀n iná tó lè gbà), ń rin máìlì 230. Ńlá, 131 kWh, ń rin 320 lórí XLT àti Lariat. Platinum tó wọ́n jù kò kọjá 300, torí táyà onínǹṣì 22 àti ìwúwo rẹ̀. Ẹ sanwó jù, ẹ ò rìn tó. Kí wá ni èrè?

Ẹni tó ń fa tírélà gbọ́dọ̀ ra bátìrì ńlá pẹ̀lú Max Trailer Tow (àfikún fún fífa ẹrù tó wúwo) kó tó lè fa 10,000 pọ́n-ùn. Platinum dúró sí 8,500. Tírélà gíga tó ń kọlu atẹ́gùn lè jẹ ìdajì iná bátìrì, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé 320 yẹn.

Ọkọ̀ náà ní ihò iná tí ẹ lè fi irinṣẹ́ sí. Iná 2.4 kW tó bá Pro àti XLT wá tó fún dírílì àti gílóòbù. Ẹ̀rọ wẹ́dà ńkọ́? 9.6 kW ti Lariat ló lè gbé e. Ìyẹn nìkan ló lè mú mi fi XLT sílẹ̀. Síkírìn ńlá onínǹṣì 15.5 tí wọ́n gbé sáàárín dáṣíbọ́ọ̀dù Lariat kò tó ìdí.