Mo sanwó kí wọ́n mú mi rìn ká Àjàṣẹ́, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò mọ́sálásí yẹn sórí státọ́ọ̀sì pé ṣé Brazil ni mo lọ ni, rárá o, Àjàṣẹ́ ni, Porto-Novo, olú ìlú Benin, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Badagry báyìí kò jìnnà mọ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní Kútọnu kọ́ ni olú ìlú wọn ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kútọnu ni ààrẹ ń gbé, ibẹ̀ lowó wà, ṣùgbọ́n Porto-Novo ló wà nínú ìwé òfin wọn, ibẹ̀ náà ni ilé aṣòfin wọn wà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó bí mi nínú. Àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi (mi ò ní dárúkọ wọn) ní aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra, aago mẹ́jọ ààbọ̀ la kúrò ní Mile 2. Wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó tá a san, ẹ bá mi wá oúnjẹ ọ̀hún o. Wọ́n ní mùsíọ̀mù mẹ́ta, méjì la wọ̀, ìkẹta, àgádágodo la bá lára géètì. Ṣé èèyàn ò lè tẹ̀ wọ́n láago kó tó gbowó olówó ni? Ti bọ́dà Ṣèmè, ẹ gbé sùúrù dání, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó kó wọn yọ ni gáìdì tí wọ́n fún wa lọ́hùn-ún, ọmọ Ògù kan báyìí tó ń sọ Yorùbá dáadáa, Yorùbá tiwọn yẹn tó dà bí ẹni ń kọrin. Bó ṣe ń rìn ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní orúkọ mẹ́ta nìlú ń jẹ́, àwọn ń pè é ní Hogbonu, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ilé ńlá, àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Potogí tó ń wá ra ẹrú ní nǹkan bí 1752 ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, èbúté tuntun. Mo ní ta ló ń ta ẹrú fún wọn? Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀yọ́ yín kúkú ni." Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú gbà lọ sétí òkun nígbà yẹn, inú ilé ìwé la ti gbọ́ ọ, àmọ́ kéèyàn dúró síbẹ̀ gbọ́ ọ, ó yàtọ̀ jàre.

Ní Accron, àdúgbò kan nínú ìlú náà, ó fi ojúbọ Abessan hàn wá. Ìtàn wọn ni pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n bá òkìtì ọ̀gán, ni ẹbọra olórí mẹ́sàn-án bá yọ jáde látinú ẹ̀, ni wọ́n bá ń bọ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Te-Agdanlin wá láti Allada wá dá ìjọba sílẹ̀. Mo ní àwa la nilẹ̀ nígbà yẹn. Gáìdì ní ká máa lọ, oòrùn ti ń mú.

Ààfin Honmè, ibi tí ọba Toffa gbé (1874 sí 1908), ibẹ̀ ni mo ti rí alounloun, ọ̀pá irin tí wọ́n kó òrùka irin sí lára, tí wọ́n bá ti ń gbé e sókè sódò báyìí á máa dún ṣaworo ṣaworo. Níwájú ọba ni wọ́n ti ń lù ú láyé àtijọ́, ní báyìí ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, wọ́n yọ ẹyẹ ọba tó wà lórí ẹ̀, wọ́n fi àgbélébùú sí i. Gáìdì tún ní ọdún 1861 làwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn látorí ọkọ̀ ojú omi lu ìlú yìí, ọdún kan náà tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ wa o, ìyẹn lọba Sodji fi sá di Faransé ní 1863.

Mọ́sálásí ńlá wá ni ìdí ọ̀rọ̀. Ní 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ wo iwájú ẹ̀, ilé ìṣọ́ méjì lọ́tùn-ún lósì, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yà, yẹ́lò, píǹkì, búlúù, àwọ̀ ewé, ẹ máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ni, torí iṣẹ́ tí àwọn ará wa tó ti oko ẹrú Brazil dé kó bọ̀ nìyẹn. Mo fọwọ́ kan ògiri, ọ̀dà ẹ̀ ń ṣí pẹ́lẹ́ńbẹ́ pẹ́lẹ́ńbẹ́, ó há mọ́ mi léèékánná. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n ó ṣì dúró, àwa tá a lówó jù wọ́n lọ l'Ékòó, Ilojo Bar, ilé àtijọ́ tiwa tó jẹ́ irú iṣẹ́ Brazil yìí kan náà, ńkọ́? 2016 la wó o.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni dírẹ́bà fún wa níbẹ̀! Mo kọ̀, mo lọ ra yovo doko, pọ́fù-pọ́fù tiwa náà ni, lọ́wọ́ ìyá kan létí títì. Mo kí i ní Yorùbá, ó ní "Ànàgó ni ẹ́ àbí ará Èkó?" Mo ní ará Èkó ni mí, ó fi méjì lé e fún mi, ó ní baba tó bí bàbá òun, ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti wá.

Mùsíọ̀mù kejì ní ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó dáa, ẹ wò ó kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n mú yín kọjá ibi ilé aṣòfin tuntun tí Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, yàwòrán ẹ̀ bí igi tí wọ́n ń ṣèpàdé lábẹ́ ẹ̀.

Máàkì: àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì, 2 nínú 5. Gáìdì, 5. Mo ti gba nọ́ńbà ẹ̀, ìgbà míì Ṣèmè ni màá ti wọ ọkọ̀ fúnra mi, n ó sì gbé oúnjẹ dání.