Háltà olókùn àti okùn gígùn rẹ̀: bó ṣe bá mi gba etí ẹṣin mi

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀: háltà yìí, ìyẹn ìdè orí tí a fi ń fa ẹṣin láìfi irin sí i lẹ́nu, dára, tí èyí bá sì gbó, màá ra òmíràn. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ ṣáà fi í sí ẹṣin lórí, ẹṣin á máa wojú yín bí ọmọ ilé kéú tó ń wojú alfa, irọ́ ló ń pa. Okùn ni. Ohun tí okùn yìí mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn yòókù lọ ni pé ó ń jẹ́ kí ẹṣin mọ ìgbà tí ẹ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí ẹ ti gba ohun tí ẹ béèrè.

Abo ẹṣin ni tèmi, apá Ìlọrin la ti rà á, torí ọdún Ojúde Ọba la sì ṣe rà á. Ẹni tó bá ti wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ìdílé balógun á gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, ìlù á máa dún, ìbọn á máa ró, àwọn regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ojúgbà, á máa kọjá nínú aṣọ wọn. Láti 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba, ọ̀kan lára àwọn agẹṣin ibẹ̀, lórí ẹṣin ti gba orí ayélujára kan, fóònù tí wọ́n ń nà sójú ẹṣin kò tún ṣe é kà mọ́. Ẹṣin mi kì í ta ìpá, kì í gé ni jẹ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ọkàn rẹ̀ kì í sí lọ́dọ̀ ẹni tó di okùn rẹ̀ mú. Ọ̀kadà kọjá, ó ti bá ọ̀kadà lọ. Ọ̀rá fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ọ̀ràn. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ nínú èrò Ojúde Ọba, ewu ni fún ẹni tó gùn ún àti fún ọmọ ẹlòmíì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí háltà yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Leicester ló bá mi rà á, tó sì gbé e bọ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò ọkà bàbà kan, ẹ fìyẹn sọ́kàn. Okùn kan ṣoṣo ni wọ́n ta ní kókó káàkiri di háltà, kò sí irin kankan lára rẹ̀. Okùn náà tín-ín-rín, kò nípọn tó ọmọńdinrín mi, ó sì le díẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tó gba orí imú kọjá ní kókó méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Okùn tí a ó máa dì mú gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ó nípọn, ó wúwo, irú èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi ni, wọ́n sì rán awọ pẹlẹbẹ mọ́ ìdí rẹ̀.

Ìwúwo okùn yẹn ni mo rò pé owó wà fún jù. Tí mo bá gbé ọwọ́ díẹ̀, okùn á mì, mímì náà á sì dé abẹ́ àgbọ̀n ẹṣin kí agbára kankan tó débẹ̀. Ó ti mọ̀ pé mo fẹ́ béèrè nǹkan kí n tó béèrè. Okùn fúyẹ́fúyẹ́ tí a ń rà lọ́jà kò lè ṣe ìyẹn. Ìgbà tí a bá fà á ni ẹṣin máa ń mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ìjánu tó bá ẹṣin mi wá láti Ìlọrin ni ìjánu onírin ti ilẹ̀ Haúsá, èyí tí òrùka irin rẹ̀ máa ń yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹṣin ká. Ó ń dá ẹṣin dúró, kò ṣe é jiyàn. Ẹni tí ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lójú ogun kò ní ohun méjì tó fẹ́ ju kí ọwọ́ òsì nìkan tó láti dá ẹṣin dúró. Àmọ́ ẹ wo orí ẹṣin tí wọ́n bá fà bẹ́ẹ̀: imú á lọ sókè, ẹnu á là sílẹ̀, funfun ojú á yọ. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń dùn ún ló ń gbọ́, kò gbọ́ ẹni tó gùn ún. Háltà pẹlẹbẹ tí gbogbo wa ń lò náà ní tirẹ̀. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ẹṣin á kàn fi orí tì í, á sì máa wọ́ èèyàn lọ síbi tó wù ú. Ti olókùn yìí kì í dunni tí a kò bá fà á, kò sì ṣe é fara tì. Tí a bá sì dẹwọ́, ó dẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹṣin á mọ̀ ọ́n lára.

Alfa tó ń bá mi tọ́jú ẹṣin náà kò gbà rárá. Ó yẹ háltà náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹṣin tí kò ní irin lẹ́nu, ta ni yóò dá a dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ o." Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀.

Àárọ̀ kùtù la máa ń fi háltà náà kọ́ ọ, kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn tó bá ti jẹ koríko díẹ̀, nítorí ẹṣin tí ebi ń pa tàbí tí eṣinṣin ń jẹ kò ráyè ẹnikẹ́ni. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán, àmọ́ kì í rí ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an. Màá mi okùn díẹ̀ pé kó padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan péré. Tó bá ti gbé ara sẹ́yìn lásán, kí ẹsẹ̀ tiẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ọwọ́ mi ti rọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Fífà kò kọ́ ẹṣin ní nǹkan kan, ìgbà tí a dẹwọ́ ni ẹ̀kọ́ ń wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dẹwọ́ ti jẹ́ kí ẹṣin gbà pé kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà, ẹṣin tó bá sì ti gbà bẹ́ẹ̀ á gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, á máa wo ojú ọ̀nà.

Etí rẹ̀ ni mò ń wò jù. Etí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń yí lọ́tọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tí etí bá kọjú sí ni ọkàn wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ aládùúgbò gba ìdí ògiri kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Etí méjèèjì lọ, ọrùn nà sókè. Tẹ́lẹ̀, Alfa á ti fa okùn, á pariwo, ẹṣin á fà padà, ìjà dé nìyẹn. Mi ò fa orí rẹ̀. Mo rìn sí ìhà ìdí rẹ̀, mo tẹjú mọ́ itan rẹ̀, mo ń fi ìdí okùn yípo lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn, awọ ìdí okùn kan itan rẹ̀ fẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gba iwájú ara wọn kọjá, ìdí rẹ̀ yí kúrò, kò sì sí bí ìdí ṣe máa yí kúrò lọ́dọ̀ mi tí ojú kò ní bọ́ sọ́dọ̀ mi. Mo dúró kíá, mo rọ èjìká, mo wolẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ń pọ́n ètè lá. Ewúrẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Etí kan wà lọ́dọ̀ ewúrẹ́, ìkejì wà lọ́dọ̀ mi, ìyẹn sì tó mi. Ẹni tó bá ń wá etí méjèèjì ní gbogbo ìgbà kò fẹ́ kí ẹṣin mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀.

Kò yẹ ká tún máa pẹ́ níbẹ̀ jù. Tó bá ti ṣe dáadáa, màá bọ́ háltà, àá lọ mu omi. Ẹni tó ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ láti má fetí sílẹ̀ mọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹṣin wọn kò lè fiyè sí nǹkan, pé òpè ni. Ẹṣin kan wà ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Hans lorúkọ rẹ̀, Wilhelm von Osten ló ni ín. Wọ́n ní ó mọ ìṣirò: tí wọ́n bá bi í léèrè iye kan, á máa fi pátákò lu ilẹ̀ títí á fi kàn án, á sì dúró. Nígbà tó fi máa di 1907, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Oskar Pfungst, ti tú àṣírí náà. Tí ẹni tó ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, tàbí tí ẹṣin kò bá rí i, Hans máa ń ṣì í. Orí ẹni náà ló ń wò, bó ṣe ń mì fẹ́ẹ́ láìmọ̀ nígbà tí kíkà bá pé. Ẹranko tó lè rí ìyẹn ń fiyè sí nǹkan ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Tó bá di pé a pè é tí kò dáhùn, nǹkan míì ló ká a lára jù wá lọ, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹnu wa ń sọ ọ̀tọ̀, ara wa ń sọ ọ̀tọ̀. Mo ti rí ẹni tó ń pariwo "dúró!" sí ẹṣin, tí òun alára kò dáwọ́ rírìn dúró.

Ti ìbọn ló gba àkókò jù. Mo gbé sípíkà kékeré kan sí ìkángun ọgbà, mo fi ohùn ìlù àti ìbọn sí i, ó lọ sílẹ̀ débi pé èmi gan-an ní láti dákẹ́ kí n tó gbọ́ ọ. Bí ìbọn bá dún, màá béèrè nǹkan kékeré kan tó ti mọ̀ dáadáa: padà sẹ́yìn, yí ìdí, sọ orí kalẹ̀. Tó bá ṣe é, okùn á dẹ̀. Bó ṣe ń mọ́ ọn lára là ń gbé sípíkà sún mọ́ wa, là ń sọ ohùn rẹ̀ sókè, a sì ń ṣe é ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀. Sípíkà kì í ṣe ìbọn, mo mọ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọdẹ yìnbọn níbi òkú àgbà kan ládùúgbò wa, ó fò lóòótọ́, ó sì balẹ̀ pẹ̀lú ojú sọ́dọ̀ mi, okùn kò tilẹ̀ le. Láti ọjọ́ náà ni Alfa ti ń fi háltà náà pamọ́ kí àwọn ọmọ má baà fi so ẹran.

Ibi tí kò tíì gún ni títẹ̀lé ẹṣin mìíràn. Àwọn tó ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré mọ ẹṣin dáadáa. Tí ti iwájú bá ta, tèmi náà á fẹ́ ta, háltà ò háltà. Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé kí ẹṣin ọ̀rẹ́ mi kan máa rìn lọ níwájú, kí n dá tèmi dúró, kí ó wo ẹlòmíì lọ láì bá a lọ. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà, nígbà mìíràn á yán kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ojúde Ọba gan-an, ìjánu tí irin rẹ̀ rọ ẹnu lọ́rùn máa ń wà lórí háltà yìí, Alfa á sì di okùn mú nílẹ̀. Ẹ má ṣe fi háltà nìkan gun ẹṣin wọ inú èrò.

Àléébù rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Aró rẹ̀ ń ṣí. Àwọ̀ búlúù tí mo yàn kun funfun tó wà ní imú ẹṣin mi nígbà tó làágùn. Awọ ìdí okùn le gbandi lẹ́yìn òjò, ó sì ń là. Wọn kò fi ìbọ̀wọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ okùn tó bá yọ lọ́wọ́ lójijì á bó àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Wọ́n fún wa ní nǹkan ike kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń dún "kẹ́" tí a bá tẹ̀ ẹ́, pé kí a tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹṣin bá ṣe dáadáa, kí a sì fún un ní nǹkan jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Dàbínù ni mo lò, kò sì pẹ́ tó fi mọ ohun tí ìró yẹn ń wí. Ṣùgbọ́n àpò mi ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ti fún ọmọ mi, ó ń fi ṣeré.

Èyí tó lè pa ẹṣin ni kí a fi háltà yìí so ó mọ́ igi tàbí èèkàn, tàbí kí a tú u sílẹ̀ láti máa jẹko pẹ̀lú rẹ̀ lórí. Okùn yìí kì í já. Tí ẹ̀rù bá ba ẹṣin tó fà sẹ́yìn, ọrùn ló máa fara gbá a.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wọn orí ẹṣin rẹ̀ kó tó sanwó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní cob, èyí tó wà láàárín kékeré àti ńlá, ló bá tèmi mu. Ẹ jẹ́ kí ti orí imú jókòó lé egungun, kó má sọ̀ kalẹ̀ dé ibi rírọ̀ tó wà lókè ihò imú. Tí ẹ bá ń ta kókó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ ojú òrùka okùn ni kí ẹ ti ta á, kí okùn tó bá ṣẹ́kù kọjú sí ìhà ọrùn, kó má baà máa gún un lójú.