Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Kámẹ́rà Onísóólà ní Sáìtì Mi l'Áyọ̀bọ́

Ọ̀pá irin méjìdínlógún ló kọ́kọ́ lọ, àwọn tó nípọn tó 12 mil. Fọ́máànù ní àwọn oníirin ti lò ó sí pílà. Àwọn oníirin ní àwọn ò fojú kàn án. Bàbá ọlọ́dẹ sì ń búra pé òun ò fojú ba oorun lóru ọjọ́ yẹn. Èmi tí mo wà nídìí léèsì mi ní Balógun, ta ni kí n gbà gbọ́? Tọ́ọ̀nù kan 12 mil kì í ju nǹkan bí ọ̀pá 93 lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gùn tó mítà 12. Ẹni tó kó 18 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fi pamọ́ sábẹ́ agbádá.

Àbúrò mi ló sọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó ń lo síìmù àti sóólà fún mi. Alábà la ti rà á, ₦85,000, mẹ́mórì káàdì 64GB lọ́tọ̀. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀ o: èyí tó wà lára páálí ọ̀tọ̀, èyí tó wà lára kámẹ́rà ọ̀tọ̀, ti áàpù tí wọ́n ní kí n dánlóòdù tún jẹ́ ẹ̀kẹta. Síìmù tuntun la fi sí i, NIN mi ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ọmọ òun bá òun ra tiẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé, kò gbọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa dáadáa, torí wọ́n ṣe é fún tiwọn lọ́hùn-ún ni. Ẹ rà á níbí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé kò sí wáyà kankan nídìí ẹ̀. Sáìtì mi ò ní iná, ká má tiẹ̀ wá sọ Wi-Fi. Nígbà ìpìlẹ̀, igi àgbọn ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì la so ó mọ́. Nígbà tí ilé dé líńtẹ́ẹ̀lì, ó bọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn dékìn, ó gòkè lọ síbi tó ti ń rí géètì àti ibi tí wọ́n to sìmẹ́ǹtì sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà mẹ́rin la ti ṣí i nídìí, kò sì ju ìṣẹ́jú ogún lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ilé kejì bínú nígbà kan pé ó ń wo ẹ̀yìnkùlé òun níbi tó ń sá aṣọ sí. Òótọ́ ni. A yí orí ẹ̀ padà, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́.

Kámẹ́rà yìí kì í ká fídíò tọ̀sán-tòru. Ṣe ló ń sùn. Ohun kan wà níwájú rẹ̀ tó ń mọ ooru ara. Tí nǹkan tó gbóná bá kọjá, á jí, á ká bíi ìṣẹ́jú-àáyá 15 sórí káàdì, fóònù mi á sì dún. Ìdí nìyẹn tí dátà 4GB fi ń tó mi lóṣù. Oṣù àkọ́kọ́ ni mo jẹ 11GB, torí gbogbo ìgbà tí ọjà bá dá ni mo ń ṣí i wò bí ẹni ń wo Nollywood. Ewúrẹ́ àdúgbò sì ń dà á láàmú. Tàpólì tí wọ́n fi bo sìmẹ́ǹtì burú ju ewúrẹ́ lọ: oòrùn á yan án, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ, kámẹ́rà á ní èèyàn ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìgbà 41 ni fóònù mi dún. A ní láti dín bó ṣe ń tètè jí kù.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lóru ló ṣe iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ rà á. Ọkùnrin méjì. Ọ̀kan jókòó sórí fẹ́ǹsì, èkejì ń na irin sí i láti ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ ń kọ mọ̀nà bíi ti ológbò nínú òkùnkùn. Mo pariwo sínú fóònù: "Mo ti rí yín o!" Ó tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ohùn mi tó jáde lára kámẹ́rà. Ẹni orí fẹ́ǹsì wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí òkú pè lórúkọ. Mo tẹ síréènì, mo sì pe Alhaji tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán. Tọ́ọ̀ṣì Alhaji àti igbe "Olè! Olè!" ló lé wọn lọ ní tòótọ́. Mo wá ń pè láti inú kámẹ́rà: "Bàbá, ẹ jí o!" Bàbá ọlọ́dẹ jáde, ó ń so ṣòkòtò. "Mo ti jí tipẹ́, ìyá, mò ń ṣọ́ wọn ni."

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń kọ́lé sí Èkó, tí ẹ ò bá ní Alhaji tiyín, ẹ má náwó yín. Ẹ ó kàn máa wo ẹrù yín bó ṣe ń lọ ni. Nọ́ńbà Alhaji tèmi, ti alága CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), àti 112 pẹ̀lú 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó, gbogbo ẹ̀ wà lórí fóònù mi.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni bátìrì. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò láìrí oòrùn. Irọ́ gbuu! Lóṣù kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, lóru ọjọ́ kẹta ó kú, àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún sì bá a lọ. Ká sòótọ́, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì ti bo ojú sóólà náà funfun báláú. Lébúrà kan ló ń fi àkísà tútù nù ún ní gbogbo Sátidé báyìí.

Ohun tí mi ò retí ni ti ọ̀sán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń wọn léèsì fún oníbàárà, fóònù dún: lọ́ọ̀rì búlọ́ọ̀kù ti dé. Wọ́n tò ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo ń fi ìka kà á lórí fóònù. Ìlà 46. Fọ́máànù fọwọ́ sí 500, lọ́ọ̀rì sì ti ń yí orí padà, nǹkan kan ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ lábẹ́ tàpólì. Mo pè é.

"Fọ́máànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka búlọ́ọ̀kù yẹn."

"Ó pé, mọ̀mí."

"Ẹ kà á lójú mi."

Ó gbójú sókè sí kámẹ́rà, ó dákẹ́. Búlọ́ọ̀kù 40 dé lọ́jọ́ kejì; wọ́n ní dírẹ́bà ló ṣe àṣìṣe. Mi ò tún bi ẹnikẹ́ni nípa irin 18 yẹn mọ́.

Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún un; bátìrì ló jẹ mẹ́ta tó kù. A ti kan páànù báyìí. Àbúrò mi ti ń bèèrè pé ìgbà wo ni mo máa tú u, kóun lọ fi sí sáìtì tòun. Mo ní kó lọ ra tiẹ̀.