Hydrocortisone, Clobetasol àti Calamine: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nígbà Tí Dáì Tàbí Lọ́fínńdà Bá Mú Ara Yín Yún?

Ẹni tí dáì irun tàbí lọ́fínńdà bá mú ara rẹ̀ yún, tí ó wá wọ ilé ìtajà oògùn ní Yaba tàbí tí ó bọ́ sáàárín àwọn olóògùn Ìdúmọ̀tà, irú oògùn ìpara mẹ́ta ni wọn yóò sábà kó síwájú rẹ̀.

Hydrocortisone tí wọ́n kọ 1% sí lára ni èmi yóò kọ́kọ́ mú. Ó ń mú kí wíwú àti ìgbóná awọ rọlẹ̀ láìle jù. Ẹ fi í para fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ 7 láìrí dókítà.

Ìpara alápòpọ̀, tí clobetasol, ketoconazole àti neomycin jọ wà nínú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ òǹtajà máa ń yìn, nítorí pé kíákíá ni yíyún náà ń dáwọ́ dúró. Kò yani lẹ́nu, torí clobetasol wà lára àwọn steroid ìpara (oògùn tí ń mú wíwú awọ rọlẹ̀) tí ó lágbára jù lọ. Agbára yẹn kan náà ni ó ń sọ awọ ojú di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ ibẹ̀ yóò sì máa ṣí (ohun tí àwọn tí ń bóra ń wá nìyẹn). Làpálàpá ni iṣẹ́ ketoconazole, kò sì kan ẹni tí dáì ń yọ lẹ́nu. Neomycin fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí awọ àwọn ẹlòmíràn kì í gbà.

Calamine, oògùn olómi aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ń tu awọ lára, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú sàn.

Ní ti oògùn oníhóró tí ń dẹ́kun yíyún, cetirizine 10 mg kì í kunni lóorun tó Piriton, tí kò yẹ ẹni tí yóò wakọ̀ gba Third Mainland.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ yẹ ìdí ọ̀pá ìpara tí wọ́n tẹ̀ pa wò, níbi tí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sábà máa ń wà, kí ẹ sì wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀. Kò sí èyí tí yóò ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá jáwọ́ nínú ohun tí ó fà á. Para-phenylenediamine, kẹ́míkà kan nínú dáì dúdú, lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí yíyún tí ó ń fà tó fara hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń dá ọṣẹ lẹ́bi. Bí ojú bá wú tàbí mímí bá nira, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí dáì náà dání.