Ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Sàríà: ohun tó tẹ́ wa lọ́rùn àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá tẹ́ ẹ fẹ́ rí onírúurú ìwádìí lábẹ́ yunifásítì kan, Sàríà ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Sàmárù, ní Sàríà níbẹ̀, la fi ṣáájú. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 kì í jẹ́ kí kòkòrò Maruca ba èso rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ Maruca nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá pa oògùn apakòkòrò tì pátápátá, àwọn kòkòrò mìíràn á jẹ òdòdó rẹ̀, wọ́n á sì fa omi inú èso rẹ̀ gbẹ. Fífín ẹ̀ẹ̀mejì ṣì pọn dandan.

Rìákítọ̀ kékeré NIRR-1, ẹ̀rọ átọ́míìkì tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, ló yà wá lẹ́nu jù. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlówáàtì 34 lọ. Wọ́n ń fi yẹ àwọn èròjà inú ilẹ̀, oúnjẹ àti àpáta wò. Kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ẹ sá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò kó gbẹ, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ má fi ẹ̀rọ onírin lọ̀ ọ́, torí irin ara ẹ̀rọ á wọ inú rẹ̀, èsì á sì purọ́. Ẹni tó ń wá òjé (lead), bíi èyí tó pa àwọn ọmọdé ní Zamfara, kó wá ọ̀nà mìíràn: èyí kì í rí òjé dáadáa.

Onítàn ní tiẹ̀, Arewa House ní Kàdúná, tó wà lábẹ́ yunifásítì yìí kan náà, ni kó lọ, ilé tí Sàdáúná Ahmadu Bello gbé rí. Ìwé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, sùúrù sì ni wọ́n fi ń wá a.