Sleeve, Bypass tàbí Bálúùnù: Èwo Ló Bá Ara Yín Mu?

Ọ̀nà tí àwọn dókítà ń gbà dín ìsanra kù láti inú àpòlúkù àti ìfun ni mo fẹ́ bá yín sọ: sleeve, bypass àti bálúùnù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí kúrò. Lipo àti BBL tí wọ́n ń polówó lórí Instagram láti Lẹ́kí títí dé Ìkẹjà, iṣẹ́ ẹwà ni. Wọ́n á fa ọ̀rá níbì kan, wọ́n lè fi sí ibòmíràn. Ebi tó ń pa èèyàn kò yí padà, iye oúnjẹ tí inú ń gbà kò dín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò sì tìtorí ẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 130 tó lọ ṣe lipo á padà délé pẹ̀lú ìbàdí tuntun àti ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́. Iṣẹ́ abẹ tí mò ń sọ níbí, àpòlúkù àti ìfun ni wọ́n ń fọwọ́ kàn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sanra náà ló kàn. Ẹ mú ìwọ̀n yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ tún fi gíga yẹn kan náà pín èsì rẹ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.65 tó sì wọn kílò 110 á rí bíi 40. Ìlànà tí ASMBS àti IFSO, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ yìí, gbé jáde ní 2022 sọ pé ẹni tó bá ti tó 35 lè ṣe é bí kò tilẹ̀ sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín 30 sí 35 lè rò ó bó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn mìíràn tó tan mọ́ ìsanra. Bí ẹ kò bá tó ìyẹn tí ẹnì kan sì ní kí ẹ wá gbọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, owó yín ló ń wò.

Sleeve àti bypass lójúkojú

Sleeve ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé báyìí. Wọ́n á dá ihò kéékèèké bíi márùn-ún sí ikùn, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé. Wọ́n á ti rọ́bà kan gba ẹnu sọ̀ kalẹ̀ sínú àpòlúkù kí ọwọ́ dókítà má baà gé e jù, lẹ́yìn náà ni yóò mú ẹ̀rọ tó ń gé tó sì ń fi píìnì wẹ́wẹ́ rán ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á gé àpòlúkù náà lóòró. Ohun tó máa jáde sún mọ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí tó kù á rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé dànù ló ń tú ghrelin, èròjà tó ń pe ebi, jáde jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé ebi kì í pa àwọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ṣe é dá padà o. Ohun tí wọ́n gé ti lọ nìyẹn.

Bypass le jù ú lọ. Níbẹ̀, dókítà á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tí kò gbà ju bíi mílílítà 30, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ méjì. Ìyókù àpòlúkù á wà nínú ara, àmọ́ oúnjẹ kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n á gé ìfun, wọ́n á fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè wá so mọ́ àpò kékeré yẹn. Oúnjẹ á wá fo apá kan ìfun. Nítorí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí èèyàn lè jẹ ti dín, èyí tí ara ń fà mu nínú rẹ̀ náà tún yí padà, ṣúgà ẹlòmíràn a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kó tó di pé ó fọn.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó wọn kílò 130. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, sleeve lè gba bíi kílò 32 lára rẹ̀, bypass bíi 39. Lójú tèmi, kílò méje kò tó ohun tí èèyàn fi ń yan irú iṣẹ́ abẹ. Àìsàn tó ti ń bá yín fínra tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó yàn án.

Ẹni tí omi kíkan inú máa ń ru gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀ lóru, tí àyà ń jó, tó ń sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, kó rọra pẹ̀lú sleeve. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Swítsàlandì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn fún ọdún márùn-ún. Nínú àwọn tí àyà ti ń jó tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ṣe sleeve, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni tiwọn burú sí i. Nínú àwọn tó ṣe bypass, kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, mẹ́fà nínú mẹ́wàá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ti àtọ̀gbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra tó bí àwọn tó ń ta bypass ṣe ń pariwo. Ìwádìí STAMPEDE tí wọ́n ṣe ní Cleveland, Amẹ́ríkà, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe bypass ni ṣúgà wọn dé ìwọ̀n tí wọ́n ń lépa, 23 fún sleeve, 5 péré fún àwọn tó kàn ń lo oògùn. Bypass ṣíwájú, àmọ́ iṣẹ́ abẹ méjèèjì fi oògùn nìkan sílẹ̀ sẹ́yìn gan-an.

Ohun tí bypass ń gbà padà lọ́wọ́ èèyàn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí Èkó la wà. Feldene, ibuprofen àti diclofenac tí a máa ń sáré rà ní kẹ́míìsì bí ẹ̀yìn bá ń dunni, ó ti di èèwọ̀: wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun. Sìgá náà ńkọ́, bákan náà. Ọtí á máa yára gun orí, torí náà àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ kì í ṣe oògùn fún yín mọ́. Bí ẹ bá mu màlítì tàbí Fanta gbàù, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, kí òógùn bò yín, kí inú máa ṣu, kí ó sì rẹ̀ yín débi tí ẹ máa fẹ́ dùbúlẹ̀. Fítámì B12, irin àti kálísíọ̀mù di ohun tí ẹ ó máa lò títí ayé. Ẹni tó ṣe sleeve náà á máa lo fítámì, àmọ́ bí ẹni tó ṣe bypass bá pa tirẹ̀ tì, ìyà rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ pé òun kì í lo oògùn ọjọ́ márùn-ún tán, kó sọ òótọ́ yẹn fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ òkèlè

Èyí kan méjèèjì, kò sì sí nínú ìwé àwọn òyìnbó. Àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé mì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò le: ògì tó ṣàn, omi ẹja, mílìkì, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mọ́ínmọ́ín rírọ̀ àti ẹyin lílọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni nǹkan bí oṣù méjì, tí ara ti yá, tí ẹnì kan sì gbé ẹ̀bà àti ewédú síwájú yín. Ẹ gé òkèlè bí ẹ ṣe máa ń gé e, ẹ fi ewédú bò ó, ó yọ̀ lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà àpò tuntun, ó dúró. Àyà á há, itọ́ á kún ẹnu, ẹ ó sáré wá ibi tí ẹ ó ti bì í.

Ẹja tàbí ẹran ló ń kọ́kọ́ wọlé báyìí, torí ara ń fẹ́ purotéènì tó tó gíráàmù 60, ó kéré tán, lójúmọ́, àyè tó sì kù nínú kò pọ̀. Omi ńkọ́? Ẹ má fi ti oúnjẹ lọ. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún. Ní òde àríyá, àǹtí kan á ṣáà bi yín bóyá ọbẹ̀ àwọn ni kò dùn. Ẹ múra ìdáhùn yín sílẹ̀ láti ilé.

Àwọn tó kù

Wọ́n ń gba ẹnu ti bálúùnù wọ inú ni, wọ́n á sì rọ omi iyọ̀ bíi mílílítà 400 sí 700 kún un. Kò sí abẹ. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, èébì ni ṣáá. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, àwọn mìíràn ọdún kan, kí wọ́n tó yọ ọ́. Obìnrin oníkílò 130 wa lè fi bíi 13 sí 20 sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń padà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Ó wúlò fún ẹni tó tóbi débi tí ìkunlóorun léwu fún un, kó lè kọ́kọ́ dín díẹ̀. Ẹni tó ń tà á bí àrọ́pò sleeve, ẹ fi í sílẹ̀.

Band tí wọ́n ń so mọ́ àpòlúkù, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n tún ṣí inú wọn láti yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ bíi Ozempic ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá dá a dúró, ìwọ̀n máa ń padà. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí nínú wọn ń fẹ́ fìríìjì, ẹ sì mọ NEPA.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wò ó bóyá HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn, forúkọ ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, kí MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sì ní orúkọ dókítà náà lọ́wọ́. Ẹ bi í pé mélòó ló ti ṣe fúnra rẹ̀, ta ló ń kunni lóorun, ṣé ICU, yàrá ìtọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ le gan-an, wà nínú ilé yẹn gan-an. Níbi tí ọwọ́ ti dá ṣáṣá, ikú níbi iṣẹ́ abẹ yìí kò ju bíi ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni kí ojú ibi tí wọ́n rán máa jo: ibà, ikùn dídun, ọkàn tó ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó lọ ṣe é ní Lẹ́kí, kó ro ti afárá Third Mainland mọ́ ọn, kó wá ibi sùn nítòsí fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ta ni yóò pè láago méjì òru?

Ẹ̀yin obìnrin, bí ìwọ̀n bá ń wálẹ̀, oyún lè tètè dúró ju bí ẹ ṣe rò lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ẹ dúró ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Oògùn fètòsọ́mọbíbí oníhóró kò ṣe é gbára lé lẹ́yìn bypass. Ẹ bèèrè ọ̀nà mìíràn.

Ó tún yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo àpòlúkù yín kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n wá kòkòrò H. pylori tó pọ̀ nílẹ̀ wa, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn bypass, kámẹ́rà lásán kò lè dé àpòlúkù àtijọ́ mọ́. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní kí ẹ san owó ìpìlẹ̀ láìtíì wo inú yín, láìbéèrè bóyá àyà ń jó yín lóru, ẹ má san án.