Mo wo Something the Lord Made, fíìmù Vivien Thomas, ẹ bá mi wò ó

Fíìmù yìí ti pẹ́ díẹ̀ o, 2004 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO gbé e jáde, Joseph Sargent ló darí ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó wọ̀ mí lára tó báyìí. Ìtàn Vivien Thomas ni. Aláwọ̀ dúdú ni, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe ní Nashville, ó ń tọ́jú owó pa mọ́ kó lè lọ kàwé dókítà, ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà bá dẹnu kọlẹ̀, báńkì tó kówó sí kógbá sílé, bí ìwé kíkà ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ní 1930 ló ríṣẹ́ ní láàbù dókítà Alfred Blalock ní yunifásítì Vanderbilt. Iṣẹ́ ìwádìí gidi ló ń ṣe níbẹ̀, àmọ́ nínú ìwé owó oṣù, ipò àwọn tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mos Def ló ṣe Thomas, Alan Rickman ló ṣe Blalock. Mos Def kì í pariwo rárá, tí nǹkan bá dùn ún, ojú ẹ̀ lẹ ti máa rí i. Nígbà tí Thomas àti Blalock kó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ní 1941, tí Thomas wọ kóòtù funfun kọjá ní kọ́rídọ̀, ńṣe ni gbogbo èèyàn dúró tí wọ́n ń wò ó bíi pé ó jalè.

Ibẹ̀ ni dókítà Helen Taussig ti gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ara wọn máa ń di búlúù wá bá wọn. Àìsàn tí wọ́n bí mọ́ wọn lọ́kàn ni, ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ ò tó, ọmọ á ṣeré díẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tí wọ́n rò ni pé kí wọ́n gé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tó ń lọ sí apá, kí wọ́n rán an mọ́ èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má wò ó pé ó rọrùn lẹ́nu o, nígbà yẹn bí èèwọ̀ ló rí lójú ọ̀pọ̀ dókítà pé kéèyàn máa fọ̀bẹ dé sàkáání ọkàn. Ara ajá ni Thomas ti ṣe é títí tó fi mọ̀ ọ́n, bí ajá 200, òun náà ló tún ń tún àwọn irinṣẹ́ ṣe kí wọ́n lè wọ ara ọmọ kékeré.

Wàyí o, 29 November 1944, Eileen Saxon, ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, ló wà lórí tábìlì. Blalock ní òun ò bẹ̀rẹ̀ àfi tí Thomas bá wá. Ni Thomas bá gun àpótí lẹ́yìn ẹ̀, ó ń wo iṣẹ́ láti èjìká ọ̀gá ẹ̀, ó ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà fún un. Mi ò lè mí dáadáa títí wọ́n fi tú ohun tí wọ́n fi dé iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn, tí ètè ọmọ náà pọ́n. Ohun tí mo kà lẹ́yìn ìgbà yẹn ni pé Eileen ò ju oṣù díẹ̀ lọ láyé lẹ́yìn ẹ̀, ó dùn mí gan-an, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló rí ìwòsàn gbà lẹ́yìn ẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù ni àríyá tí wọ́n ṣe fún Blalock ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ti ń gba aláwọ̀ dúdú láyè. Thomas yọ́ wọlé, ó fara pamọ́ sẹ́yìn òdòdó, ó ń gbọ́ bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yìí, lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún, títí ó fi parí ọ̀rọ̀, kò dárúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ láàbù lèmi náà ń ṣe, mo sì ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń yin dókítà lórí ohun táwa tá a jókòó ti maikirosikópù títí ilẹ̀ fi ṣú ṣe, kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò wá. Mo dá fíìmù náà dúró, mo jáde síta kí n lè mí. Ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ jáde lórí iṣẹ́ abẹ náà ní 1945, orúkọ Blalock àti Taussig nìkan ló wà lórí ẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì yẹn náà ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìpẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi Thomas sí i.

Ohun tí mi ò gba tiwọn ni Clara, ìyàwó ẹ̀, tí Gabrielle Union ṣe. Obìnrin tó fara da owó oṣù tí ò tó jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó yẹ ká rí i ju báyẹn lọ. Lẹ́yìn 1944 náà wọ́n kàn ń sáré ni, ẹ óò rí i pé kíá ni wọ́n dé 1971 tí wọ́n gbé àwòrán Thomas kọ́ sára ògiri ní Hopkins, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ níṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn, ìtàn ńlá nìyẹn. Oyè dókítà tí wọ́n fi dá a lọ́lá, 1976 ni wọ́n tó fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àti ajá tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wà níbẹ̀ o. Àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì lè wò ó dáadáa, pàápàá èyí tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kàwé dókítà tàbí iṣẹ́ láàbù. 9 nínú 10 ni mo fún un, nítorí Clara ni mo ṣe yọ 1 yẹn.